Ọwọ́ Tó Ń Wọlé Tọ Aláìsàn

Ìmọ́tótó tí a máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ewé yìí kò mọ sí ojú gọ́tà àti ẹ̀yìnkùlé nìkan. Ó kan ọwọ́ àjèjì tó ń wọ yàrá aláìsàn pẹ̀lú. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi àyè tiwa lóṣù yìí sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa àti àbúrò wa ń ṣe ní Amẹ́ríkà, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ti fi dá ilé-iṣẹ́ ara wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ náà ni ìtọ́jú aláìsàn nínú ilé. Ẹ wo àwọn ará wa ní Houston, ní Maryland tàbí ní Chicago, ó ṣòro kí ènìyàn má rí nọ́ọ̀sì tàbí olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí, ilé ni a ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lóko iṣẹ́ ni a ń bá wí.

Ilé-iṣẹ́ oríṣi méjì ló wà nídìí iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ilé. Òun ni dókítà máa ń kọ̀wé sí pé kí ó máa tọ́jú ẹni tó ti kúrò nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n tí kò lè jáde nílé láìsí ìnira ńlá. Òun ló ń rán nọ́ọ̀sì lọ wẹ egbò, tó ń rán ẹni tí yóò tún ìrìn kọ́ alárùn rọpárọsẹ̀, tó ń rán olùrànlọ́wọ́ lọ wẹ̀ fún arúgbó. Bí aláìsàn bá ti pé ọmọ ọdún 65, Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 1965, ló sábà máa ń sanwó rẹ̀. Èkejì ni ejẹ́ńsì òṣìṣẹ́. Èyí kò ní aláìsàn tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ló ní. Ó ń gba nọ́ọ̀sì àti olùrànlọ́wọ́, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ọwọ́ kò kún tó, á sì gba owó lórí wákàtí tàbí lórí ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan.

Àwọn méjèèjì nílò ara wọn, èyí kò ní àríyànjiyàn. Òfin Medicare sọ pé láàárín wákàtí 48 tí wọ́n bá ti fa aláìsàn lé ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ilé lọ́wọ́, tàbí láàárín wákàtí 48 tó padà délé, ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ ti débẹ̀, àfi bí dókítà bá dá ọjọ́ mìíràn. Òfin kò béèrè bóyá ọjọ́ náà bọ́ sí Sátidé, tàbí bóyá nọ́ọ̀sì méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí wọ́n wà nílé. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá rí ẹni rán á kọ aláìsàn náà, arúgbó á sì wà ní bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́ta tí kò yẹ kó lò níbẹ̀. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, nọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ ejẹ́ńsì òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé ogún wákàtí péré ló lè ṣe lọ́sẹ̀, nítorí ọmọ kékeré tàbí nítorí ilé-ẹ̀kọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ohun tí a fẹ́ bá wọn jà lé lórí ni bí wọ́n ṣe ń ṣe àjọṣe náà.

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ti lẹ́, ẹni tó ń tò iṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìtọ́jú ilé rí i pé aláìsàn mẹ́rin kò ní nọ́ọ̀sì fún òpin ọ̀sẹ̀. Á fi fóònù pe ejẹ́ńsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìbéèrè méjì ló ń béèrè: ẹ ní ènìyàn? Èló ni? Wọ́n á dúnàádúrà, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni yóò rí iṣẹ́ náà gbà. Nọ́ọ̀sì á gba àdírẹ́sì lórí fóònù, á sì wa mọ́tò lọ. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ejẹ́ńsì mìíràn ni yóò ta èyí yọ, nọ́ọ̀sì mìíràn ni yóò sì lọ. Wọ́n á máa pe ara wọn ní alábàáṣe, ṣùgbọ́n lójú tiwa, oníbàárà àti ọlọ́jà lásán ni wọ́n. Kò sí ẹni tó béèrè ìbéèrè kẹta, èyí tó ṣe pàtàkì jù: ta ni ẹni náà, ṣé ó sì ti dé ọ̀dọ̀ aláìsàn yìí rí?

Ẹ jẹ́ ká fi egbò ìdùbúlẹ̀ ṣàlàyé, irú èyí tó máa ń dá sí ìdí ẹni tó ti pẹ́ lórí ibùsùn. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa wọn gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti bó ṣe jìn tó, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì kan náà bá ń wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyàtọ̀ díẹ̀ báyìí á hàn sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì kì í wọn egbò bákan náà. Ẹnìkan á fi ọ̀pá òwú wọnú rẹ̀ síwájú ju ẹlòmíràn lọ. Bí ojú tuntun bá ń dé nígbà gbogbo, ìwọ̀n tó wà nínú ìwé á máa lọ sókè sódò, kò sì ní sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé egbò náà ń san àbí ó ń jẹun sínú. Òórùn tó yàtọ̀ sí ti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Èyí ni ìdí tí a fi sọ pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni ọ̀rọ̀ yìí, àní bó tilẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ okòwò. Nílé ìwòsàn, omi ẹ̀rọ wà lára ògiri, ìbọ̀wọ́ wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ń gbá a. Nínú ilé aláìsàn, ológbò lè wà lórí ibùsùn. Aṣọ ìnura tó wà nílé ìwẹ̀ lè jẹ́ èyí tí gbogbo ilé ti fi nura láàárọ̀. Báàgì nọ́ọ̀sì náà sì ń ti ilé dé ilé, bí alágbàtà ọjà. Bí ó bá gbé e lélẹ̀ nílé ẹni tí kòkòrò àrùn ti wọ egbò rẹ̀, tó tún gbé e lórí àga nílé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, ó ti ṣe aláàárù fún kòkòrò náà nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì pé kí ó wá ibi tó mọ́, kó tẹ́ ohun kan sí abẹ́ báàgì, kó fọwọ́ kó tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kó má sì dá ohun tó ti kan aláìsàn padà síbẹ̀ láìnù ún. Ìbọ̀wọ́ kò dípò ọwọ́ fífọ̀. Ẹni tó bọ́ ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ tún fọwọ́.

Àwa tí a ń ṣe àlùwàlá lójoojúmọ́ náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tàn wá jẹ. Nọ́ọ̀sì tó ṣe àlùwàlá kó tó kúrò nílé, ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìdarí mọ́tò, fóònù àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn onílé kó tó dé ẹsẹ̀ ibùsùn. Ọṣẹ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, àárín ìka àti abẹ́ èékánná pẹ̀lú, fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ní àkókò tí a fẹ́ fọwọ́ kan aláìsàn gan-an. Sànìtáísà tí wọ́n fi ọtí ṣe dára, ó sì yá, ṣùgbọ́n kò lè pa ẹyin kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní C. diff, èyí tó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru kíkan lára àwọn tó ti lo oògùn apakòkòrò lọ́pọ̀lọpọ̀. Lọ́dọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, omi àti ọṣẹ ni kí nọ́ọ̀sì lò. Wàyí o, ta ni yóò sọ fún nọ́ọ̀sì tí wọ́n fi fóònù gbà lálẹ́ Jímọ̀ pé aláìsàn tó ń lọ bá ní C. diff? Ejẹ́ńsì á ní iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ni. Ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú á ní òṣìṣẹ́ ejẹ́ńsì ni, kí ejẹ́ńsì kọ́ ọ.

Òfin ti dá ẹjọ́ náà tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ilé lè gba òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n àdéhùn wọn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, ẹrù ìtọ́jú náà kò sì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ohunkóhun tí nọ́ọ̀sì àyálò bá ṣe, òun ló ṣe é. Ní ti ààbò òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, OSHA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ewu lẹ́nu iṣẹ́, ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí láti ọdún 2013 pé ejẹ́ńsì àti ẹni tó gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló jọ ru ú. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé “kì í ṣe tèmi”, ìmọ́tótó aláìsàn ló ń fi ṣeré.

Kí wá ni àjọṣe tòótọ́? A gbà pé ejẹ́ńsì ló yẹ kó kọ́kọ́ yí padà, nítorí òun ló ń wá oníbàárà. Kí ó yéé fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́. Kí ó mú méjì tàbí mẹ́ta tí kò jìnnà sí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé, kí ó lọ jókòó pẹ̀lú ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kí ó sì béèrè irú aláìsàn tí wọ́n ní: ṣé oní-rọ́bà ìtọ̀ ló pọ̀ ni, àbí alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dégbò, àbí àwọn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ojú iṣan fún lóògùn? Lẹ́yìn èyí, kí ó ya òṣìṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan níbẹ̀ nígbà tí kò tíì sí wàhálà. Bí ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ bá wá dé, orúkọ tí wọ́n mọ̀ ni wọn yóò pè.

Àwọn ìwé tó yẹ kó wà nílẹ̀ kò ṣòroó kà. Láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Texas àti Maryland wà nínú àdéhùn tó jẹ́ kí láísẹ́ǹsì kan ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà kò gbọdọ̀ jìnnà, pẹ̀lú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ń pè ní B. Ìjọba àpapọ̀ tún ní ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n ti lé kúrò nínú iṣẹ́ Medicare. Ejẹ́ńsì tó bá fi ọ̀kan nínú wọn ránṣẹ́ ti kó bá ara rẹ̀, ó sì ti kó bá ẹni tó gbà á. Olùrànlọ́wọ́ ni ká dúró sí díẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ béèrè ó kéré tán wákàtí 75 ẹ̀kọ́, tí 16 nínú rẹ̀ jẹ́ ìfọwọ́ṣe lábẹ́ ojú nọ́ọ̀sì, àti wákàtí 12 mìíràn lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ti fi oṣù 24 léraléra pa iṣẹ́ náà tì gbọ́dọ̀ tún ẹ̀kọ́ náà gbà. Ejẹ́ńsì tó bá ń ṣe wákàtí 12 yìí fúnra rẹ̀, tó fi ọwọ́ fífọ̀, báàgì gbígbé àti bí a ṣe ń yí aláìsàn padà lórí ibùsùn sínú rẹ̀, tó sì pe nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú kí ó wá kọ́ wọn ní apá kan, ti ṣe ohun tí ìpolówó kankan kò lè ṣe fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kò dá wà ní apá kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ilé máa ń pe àwọn òṣìṣẹ́ àyálò ní “àwọn ti ejẹ́ńsì”, bí ẹni pé wọn kò lórúkọ. Wọn kì í sọ fún wọn pé ajá burúkú wà ní ilé kan, tàbí pé ọmọ aláìsàn máa ń mutí yó. Wọ́n á fún wọn ní ilé tó jìnnà jù, ilé tí àwọn tiwọn sá fún. Bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé òfin fẹ́ kí ẹni tó kún ojú òṣùwọ̀n láti ilé-iṣẹ́ náà yẹ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 14, lọ́dọ̀ aláìsàn tó ń gba ìtọ́jú nọ́ọ̀sì. Àyẹ̀wò yìí ló yẹ kí wọ́n fi mọ olùrànlọ́wọ́ dáadáa, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí ejẹ́ńsì rẹ̀, rere àti búburú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́, ẹ gbà wá gbọ́: àwọn aláìsàn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ti ejẹ́ńsì àti tiyín. Ẹni tó bá hùwà àìda nínú yàrá wọn, orúkọ yín ni wọ́n máa fi pè é.

Owó ni ọ̀pọ̀ àjọṣe yìí máa ń ti fọ́. Ejẹ́ńsì gbọ́dọ̀ san owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ń dúró de Medicare tàbí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kó tó rí tirẹ̀ gbà, á sì fẹ́ kí ejẹ́ńsì bá òun dúró. Ẹni tó kéré ni yóò kọ́kọ́ rì. Bí a bá fẹ́ àjọṣe tó máa pẹ́, kí ilé-iṣẹ́ ńlá san lọ́jọ́ tó dá, kí ejẹ́ńsì náà má sì gba iṣẹ́ tó ju agbára àpò rẹ̀ lọ. Wákàtí tí òṣìṣẹ́ fi ń ti ilé aláìsàn kan lọ sí òmíràn láàárín ọjọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ ni lójú òfin Amẹ́ríkà. Ta ni yóò san án? Bí wọn kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa fi rẹ́ jẹ, òṣìṣẹ́ tí wọ́n sì rẹ́ jẹ á lọ fi ejẹ́ńsì kejì kún un lálẹ́. A mọ irú àwọn bẹ́ẹ̀, àwọn ará wa ni. Oorun wákàtí mẹ́ta lojú wọn ń rí. Ẹni tí oorun ń kùn kì í rántí fọwọ́.

Owó kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ dákẹ́ lé lórí. Àwọn kan gbà pé àjọṣe túmọ̀ sí pé kí ejẹ́ńsì máa bá ilé-iṣẹ́ wá aláìsàn, kí ilé-iṣẹ́ sì fún un ní nǹkan lórí orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gúnjẹ ni, orúkọ mìíràn tí wọ́n bá sọ ọ́ kò yí i padà. Aláìsàn Medicare kì í ṣe ọjà títà, ẹni tó bá san owó tàbí tó gba owó lórí bẹ́ẹ̀ lè rí ẹ̀wọ̀n he. Lọ́dún 2013, ìjọba àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ilé tuntun nínú Medicare ní agbègbè Miami àti Chicago nítorí jìbìtì, wọ́n sì fi Houston, Dallas àti Detroit kún un lọ́dún 2014. Ọdún 2019 ni wọ́n tó ṣí i. Ọ̀pọ̀ ọmọlúàbí tó fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Houston láàárín ọdún wọ̀nyẹn ló fara gbá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọwọ́ rẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn oníṣòwò yóò sọ: ẹnu dùn-ún rofọ́, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ló ń rí iṣẹ́ gbà, ìwọ̀nba sì ni Medicare ń san. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà ti ń yí. Láti ọdún 2015 ni ìjọba ti ń fi ìràwọ̀ ṣe ìdiwọ̀n àwọn ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú ilé, tí ọmọ aláìsàn sì lè rí i lórí fóònù rẹ̀. Ètò mìíràn bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 2023, tó jẹ́ pé láti ọdún 2025, ó lè fi tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún owó Medicare ilé-iṣẹ́ kan tàbí kó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe dára tó. Lára ohun tí wọ́n ń wò ni iye aláìsàn tó tún padà dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì olówó pọ́ọ́kú tí kò dá egbò mọ̀, tó jẹ́ kí kòkòrò wọnú ẹ̀jẹ̀ arúgbó, ti ná ilé-iṣẹ́ lówó ju dọ́là mẹ́rin tí wọ́n dín kù lórí wákàtí rẹ̀ lọ. Ejẹ́ńsì tó bá lè jókòó kó ṣe ìṣirò yìí fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ kan náà tó ti fi oṣù mẹ́fà lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn kan náà, kò ní dúnàádúrà pẹ́.

Fún àwọn ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe fi gbogbo rẹ̀ lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ kan, aláìsàn márùn-ún, oṣù kan. Kí ejẹ́ńsì fi nọ́ọ̀sì méjì sílẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀lé nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan, kí ilé-iṣẹ́ sì san wákàtí ìtẹ̀lé yìí, kí ó má pè é ní ọ̀fẹ́. Kí aláìsàn mọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀ kí ó tó kanlẹ̀kùn, kí wọ́n sì bi obìnrin tó fẹ́ kí obìnrin wẹ òun léèrè ṣáájú, kí ó má jẹ́ pé ojú á tì í. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ̀gá ejẹ́ńsì àti ọ̀gá nọ́ọ̀sì fi ìdajì wákàtí sọ̀rọ̀ lórí aláìsàn márààrún. Ohun kékeré kan sì wà tó ti dá ìjà sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, kí wọ́n fi sínú ìwé àdéhùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: ẹni tí yóò máa ra ọṣẹ, ìbọ̀wọ́, sànìtáísà àti ìwé ìnuwọ́ tó ń wọ báàgì nọ́ọ̀sì, àti iye ọjọ́ tí yóò fi máa ra wọ́n kún un kí wọ́n tó tán.